Bí Mo Ṣe Ya Àwòrán Etíkun Dorset ní Àwọn Òpin Ọ̀sẹ̀ Ìgbà Ìrúwé

Láti òpin oṣù Kẹta, nígbà tí wọ́n sún aago síwájú, títí di ìparí oṣù Karùn-ún, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo gbé lé ara mi lọ́wọ́ ní òpin ọ̀sẹ̀: mo fẹ́ ya àwòrán etíkun Dorset ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti Studland títí dé Portland, kí àwọn àwòrán náà sì pọ̀ tó láti fi han ẹni tí kò débẹ̀ rí bí ibẹ̀ ṣe máa ń rí ní ìgbà ìrúwé. Apá kan ni èyí jẹ́ lára etíkun tí wọ́n ń pè ní Jurassic Coast, èyí tí ó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 153 láti ẹ̀gbẹ́ Exmouth ní Devon títí dé Studland, tí àjọ UNESCO sì kà mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2001, nítorí pé ìtàn ayé tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 185 ọdún ló wà nínú àwọn òkúta rẹ̀. Apá ìlà oòrùn rẹ̀ nìkan ni mo mú, nítorí pé ọkọ̀ ojú irin tí ó ń ti London lọ sí Weymouth máa ń dúró ní Wareham àti Wool, èmi kò sì ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́.

Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì kò lè dúró de ojú ọjọ́ tí ó wù ú. Ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ Àìkú ni tirẹ̀, bí òjò rọ̀, bí oòrùn ràn. Ohun tí ó kù tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ṣe ni kí ó mọ ibi tí yóò lọ àti wákàtí tí yóò débẹ̀, nítorí náà máàpù ni mo kọ́kọ́ jókòó tì, kì í ṣe kámẹ́rà. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ibi tí ògiri òkúta kan kọjú sí ni mo sì ń wò kí n tó yan wákàtí fún un.

Gúúsù ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú etíkun yìí kọjú sí. Ní ìgbà òtútù, ojú òkun ni oòrùn ti ń yọ, ojú òkun náà ni ó sì ń wọ̀ sí, gbogbo ibi tí ènìyàn bá dúró sí ni ìmọ́lẹ̀ ti lè bá a. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù Kẹta, tí oòrùn máa ń yọ láti ìlà oòrùn gan-an, ojoojúmọ́ ni ibi tí ó ti ń yọ máa ń sún sí ìhà àríwá. Nígbà tí oṣù Karùn-ún bá fi máa parí, ẹ̀yìn òkè ni ó ti ń yọ, ní agbedeméjì àríwá àti ìlà oòrùn, ẹ̀yìn òkè náà ni ó sì ń wọ̀ sí. Àkókò yíyọ rẹ̀ náà kò dúró sójú kan: ní òpin oṣù Kẹta, nǹkan bí aago méje òwúrọ̀ ku ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù Karùn-ún, ó ti di nǹkan bí aago márùn-ún. Gbogbo ètò mi dá lé ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ibi tí ó kọjú sí gúúsù pọ́ńbélé ni mo kọ́kọ́ lọ, kí oòrùn tó fi wọ́n sílẹ̀, mo sì fi àwọn ibi tí ó kọjú sí ìlà oòrùn tàbí ìwọ̀ oòrùn sí ẹ̀yìn.

Old Harry Rocks, tí ó wà lẹ́bàá Studland, yàtọ̀ sí èyí tí ó kù, nítorí pé ìlà oòrùn ni ó dojú kọ, èyí sì ni kò jẹ́ kí n fi ìkánjú lọ síbẹ̀. Òkúta ẹfun funfun ni àwọn òpó yìí. Òkun ló gé wọn kúrò lára ilẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ náà lọ títí di òní: òpó kan wà tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìyàwó Old Harry, èyí tí ó wó lulẹ̀ sínú omi ní ọdún 1896, ìdí rẹ̀ nìkan ló sì kù. Swanage ni mo sùn, mo sì ti wà lórí ilẹ̀ gíga tí ó kọjú sí àwọn òpó náà kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Nígbà tí oòrùn yọ lójú omi, àwọ̀ píńkì ni ó kọ́kọ́ kun ara ẹfun náà, kò sì ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ kí ó tó di wúrà, lẹ́yìn náà funfun tí kò ní ìtumọ̀ kankan mọ́ nínú àwòrán. Àárín ìṣẹ́jú mélòó kan yẹn ni iṣẹ́ wà.

Ọ̀rọ̀ ẹfun yìí fẹ́ àlàyé díẹ̀. Òǹwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí ó wà nínú kámẹ́rà a máa ṣe bí ẹni pé àwọ̀ eérú ni ó yẹ kí gbogbo ohun tí ó bá rí ní. Bí ẹ bá kọjú rẹ̀ sí òkúta funfun tí ó kún ojú àwòrán, yóò dín ìmọ́lẹ̀ kù, òkúta náà yóò sì jáde pẹ̀lú àwọ̀ eérú. Mo máa ń fi ìwọ̀n stop kan kún un (stop kan ni kí ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì, tàbí kí ó dín kù sí ìdajì), mo sì máa ń yẹ àtẹ ìmọ́lẹ̀ tí ó ń hàn lẹ́yìn kámẹ́rà wò lẹ́yìn àwòrán kọ̀ọ̀kan, láti rí i pé ibi tí ó funfun jù kò tíì bọ́ kúrò lára àtẹ náà ní apá ọ̀tún. Ohun tí ó bá ti funfun kọjá ààlà, kò sí kọ̀ǹpútà tí yóò dá a padà. Kí n sì tún fi kún un pé etí ilẹ̀ gíga ibẹ̀ kò ní ọgbà, koríko a sì máa tutù ní òwúrọ̀. Bí àwòrán kan bá ń béèrè pé kí ẹsẹ̀ ènìyàn kan etí yẹn, àwòrán náà kò tọ́ sí yíyà.

Kimmeridge ni ibi tí mo pẹ́ sí jù, òun náà ni mo sì fẹ́ràn jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ènìyàn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó bí wọ́n ṣe ń sọ ti Durdle Door, òkúta oníhò tí ó wà lẹ́bàá Lulworth. Nígbà tí òkun bá fà, àwọn pẹpẹ òkúta gígùn máa ń yọ síta láti etí omi, wọ́n á sì nà lọ sínú òkun, omi á máa ṣàn gba àárín wọn padà. Nígbà tí òkun bá kún, wọn kò sí níbẹ̀ mọ́. Èyí ni ó sọ ìwé àkókò ìkún àti fífà òkun di ohun tí mò ń kà ju ìròyìn ojú ọjọ́ lọ. Nǹkan bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25 ló máa ń wà láàárín ìkún kan àti òmíràn, èyí ni pé lójoojúmọ́, àkókò náà máa ń fi bí ìṣẹ́jú 50 sún síwájú. Ẹni tí ó ń jáde ní òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ní láti ṣe ìṣirò kan lórí èyí: ìṣẹ́jú 50 lọ́nà méje fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́fà, nítorí náà bí òkun bá fà jù lọ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé yìí, nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí ń bọ̀ ni yóò kún. Ọ̀sẹ̀ kan fún Kimmeridge, ọ̀sẹ̀ kejì fún ibi tí ìkún òkun kò ti pa iṣẹ́ lára. Bí mo ṣe pín in nìyẹn. Òkun kì í sì í gòkè tàbí sọ̀kalẹ̀ púpọ̀ ní apá ibí yìí, nítorí náà àwọn ọjọ́ tí ó súnmọ́ òṣùpá tuntun tàbí òṣùpá àrànmọ́jú ni ó dára jù, nítorí ìgbà yẹn ni òkun máa ń fà jìnnà jù.

Òkè kékeré kan wà ní ìhà ìlà oòrùn etíkun náà, orí rẹ̀ ni Clavell Tower wà, ilé ìṣọ́ róbótó kan tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1830. Etí òkè náà ń wó lọ díẹ̀díẹ̀ débi pé láàárín ọdún 2006 sí 2008, wọ́n tú ilé náà ní òkúta kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tún un kọ́ ní nǹkan bíi mítà 25 sí ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Láti àárín àwọn pẹpẹ òkúta, ní ìrọ̀lẹ́, oòrùn tí ó ń wọ̀ máa ń kọjú sí ilé náà tààrà. Mo gbé kámẹ́rà sílẹ̀ gan-an lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, mo lo lẹ́ńsì tí ó fẹ̀, mo sì fi fíltà dúdú tí ń dín ìmọ́lẹ̀ kù ní ìwọ̀n stop mẹ́fà sí iwájú rẹ̀, tí ìdá kan nínú ọgọ́ta ìṣẹ́jú àáyá fi di nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ló fẹ́ràn kí wọ́n lo fíltà stop mẹ́wàá, tí ojú omi á fi dàbí èéfín. Èmi kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Láàárín ìdajì ìṣẹ́jú àáyá sí ìṣẹ́jú àáyá kan, ènìyàn á rí ìlà funfun tí omi fà bí ó ṣe ń ṣàn kúrò lórí òkúta, á sì mọ ibi tí ó ti wá àti ibi tí ó ń lọ. Ìgbà tí ìgbì bá ń padà sẹ́yìn ni mo ń tẹ bọ́tìnnì, kì í ṣe ìgbà tí ó ń bọ̀. Ewé òkun tí ó bo àwọn pẹpẹ náà ń yọ̀ gan-an, òkúta kéékèèké sì máa ń já bọ́ láti ara ògiri tí ó wà lẹ́yìn, nítorí náà ènìyàn kò gbọdọ̀ jókòó sí abẹ́ rẹ̀, bó ti wù kí atẹ́gùn le tó.

Ní ti Lulworth, èrò pọ̀ níbẹ̀. Òkúta líle ló wà níwájú, amọ̀ tí ó rọ̀ ló tẹ̀lé e, ẹfun sì wà lẹ́yìn wọn. Ní Lulworth Cove, òkun dá òkúta líle náà lu, ó wọlé, ó sì gbẹ́ amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ títí ibẹ̀ fi di róbótó. Ní Durdle Door, kò ṣẹ́ kù nínú òkúta líle ọ̀hún ju apá kékeré kan tí omi ti dá ihò sí láàárín. Àwòrán oòrùn tí ó yọ láàárín ihò yẹn, tí gbogbo ènìyàn ti rí, ìgbà òtútù ni wọ́n ń yà á. Ní ìgbà ìrúwé, oòrùn ti kúrò níbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni mo lọ ní tèmi, ní oṣù Kẹrin, tí ìmọ́lẹ̀ ń ti ìwọ̀ oòrùn wá bá ara òkúta náà. Fún Lulworth Cove, orí òkè ni mo ti yà á ní ọ̀sán gangan pẹ̀lú fíltà polarizer, èyí tí ó máa ń pa dídán ojú omi kí àwọ̀ ìsàlẹ̀ lè hàn. Ó ń jẹ ìmọ́lẹ̀ tó stop kan àbọ̀ sí méjì, kò sì dára fún lẹ́ńsì tí ó fẹ̀ jù, nítorí apá kan ojú ọ̀run á ṣú ju èkejì lọ.

Ibi kan wà tí ó jẹ́ pé àwọn òpin ọ̀sẹ̀ gan-an ló ṣeé lọ jù. Láti ìlà oòrùn Lulworth títí dé ẹ̀bá Kimmeridge, ilẹ̀ àwọn ọmọ ogun ni, wọ́n sì ń yin ìbọn níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Ọ̀pọ̀ òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣí géètì sílẹ̀ fún aráàlú, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ènìyàn wo àkókò tí wọ́n kéde kí ó tó lọ, kí ó má sì kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n fi òpó sàmì sí. Inú ilẹ̀ yìí ni abúlé Tyneham wà, tí ìjọba kó àwọn ará rẹ̀ kúrò ní oṣù Kejìlá ọdún 1943 nítorí ogun, tí wọn kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Láti ibẹ̀ ni mo rìn lọ sí etíkun Worbarrow. Igbó gorse ti yọ òdòdó aláwọ̀ ìyeyè lẹ́bàá ọ̀nà, mo sì fi wọ́n sí ìsàlẹ̀ àwòrán, kí ògiri ẹfun òdìkejì lè ní ohun tí yóò fara hàn sí.

Mo fi Portland sí oṣù Karùn-ún, ìdí rẹ̀ sì jẹ́ méjì. Èkíní ni pé ilẹ̀ náà yọ gọngọ sínú òkun, nítorí náà nígbà tí oòrùn ti ń wọ̀ sẹ́yìn òkè ní àwọn ibi yòókù, láti Portland Bill, ṣóńṣó ilẹ̀ náà ní gúúsù, orí omi Lyme Bay ni ó ṣì ń wọ̀ sí. Èkejì ni òdòdó thrift, tí ó máa ń so mọ́ inú pàlàpálá òkúta ní àwọ̀ píńkì, tí oṣù Karùn-ún sì jẹ́ ìgbà rẹ̀. Ilé iná atọ́nà ọkọ̀ òkun tí ó wà níbẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1906, ó ga tó mítà 41, funfun ni, pẹ̀lú àmùrè pupa láàárín. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí òkúta kí àwọn òdòdó náà lè ga tó ìdí ilé iná. Atẹ́gùn kò jẹ́ kí wọ́n dúró jẹ́ẹ́, nítorí náà mo gbé ISO, ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sára tó, sí 400, mo sì jẹ́ kí ṣọ́tà, ìlẹ̀kùn tí ń ṣí fún ìmọ́lẹ̀, yára tó ìdá kan nínú 250 ìṣẹ́jú àáyá, ní f/11, èyí tí ó jẹ́ ìwọ̀n ihò lẹ́ńsì. Ní ọ̀nà àbọ̀, mo dúró ní Chesil Beach, ṣùgbọ́n n kò rí àwòrán tí ó tẹ́ mi lọ́rùn níbẹ̀ ju ti àwọn òkúta rẹ̀ fúnra wọn lọ, tí wọ́n kéré bí ẹyọ ẹ̀wà ní apá West Bay, tí wọ́n sì tóbi tó ìkúùkù ní apá Portland.

Iyọ̀ ni ọ̀tá kámẹ́rà ní gbogbo ibi wọ̀nyí. Bí mo bá ti délé, omi tí kò ní iyọ̀ ni mo fi ń ṣan ẹsẹ̀ mẹ́ta náà, mo sì ń tú oríkèé rẹ̀ kí ó tó gbẹ. Aṣọ tí ó rọ̀ ni mo fi ń nu iwájú lẹ́ńsì, lẹ́yìn tí mo bá ti fẹ́ iyanrìn kúrò.

Nígbà tí mo wá ń ṣa àwọn àwòrán náà, òfin kan ni mo fi ṣà wọ́n: èyí tí kò bá fi ìgbà ìrúwé hàn, yálà nínú òdòdó, nínú ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ gbà wá tàbí nínú bí òkun ṣe fà tó, kò sí nínú àkójọ, bó ti wù kí ó dára tó. Ọ̀pọ̀ àwòrán Durdle Door bá a lọ. Ti Kimmeridge ló pọ̀ jù nínú èyí tí ó kù, Old Harry àti Portland sì tẹ̀lé e. Mo ti fi Durdle Door sí oṣù Kejìlá, nígbà tí oòrùn bá padà sí àárín ihò rẹ̀.