Bẹ́ ẹ ṣe máa kọ CV tó máa gbè yín lọ́jọ́ íńtáfíù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ àgùnbánirọ̀ tẹ́ ẹ sì ti ń wáṣẹ́ kiri, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ CV yìí dáadáa, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló kàn máa ń lọ sí káfè, wọ́n á ní kí ọmọ ibẹ̀ bá àwọn tẹ̀ ẹ́, ìyẹn náà á mú ti ẹlòmíì, á yí orúkọ padà, ó parí. CV yẹn ló máa wà níwájú ẹni tó fẹ́ fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò o, inú ẹ̀ ló ti máa mú ìbéèrè. Torí náà, ohun tẹ́ ẹ lè ṣàlàyé fún ìṣẹ́jú méjì láì kólòlò ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì náà, ẹ lo èyí tẹ́ ẹ lè sọ jáde lẹ́nu.

Ẹ kọ́kọ́ ka ìkéde iṣẹ́ náà, ẹ tún un kà. Tí wọ́n bá ní àwọn ń wá ẹni tó mọ Excel lò tó sì lè bá oníbàárà sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí méjèèjì hàn lójú ewé àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ táwọn fúnra wọn lò gan-an ni kẹ́ ẹ sì lò, torí láwọn ilé iṣẹ́ ńlá míì kọ̀ǹpútà ló máa ń kọ́kọ́ ṣa CV kí èèyàn tó fojú kàn án.

Ibi tó le jù ni ibi iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ṣe. Ọ̀pọ̀ á ní "mi ò tíì ṣiṣẹ́ rí." Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá! Ṣé ẹ ò ṣe IT ni, ìyẹn iṣẹ́ tẹ́ ẹ lọ fi kọ́ṣẹ́ nígbà tẹ́ ẹ ṣì wà níléèwé? Ọdún tẹ́ ẹ fi sìnlú ńkọ́? Ẹni tó kọ́ àwọn ọmọ JSS 2 ní ìṣirò ti ṣiṣẹ́, ẹni tó ń bá ìyá ẹ̀ ṣàkọsílẹ̀ ọjà tó wọlé àti èyí tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù náà ti ṣiṣẹ́. Ká ní ẹnì kan ń ṣe POS, tó wá kọ ọ́ pé òun máa ń tọ́jú oníbàárà, kí ni wọ́n fẹ́ bi í nínú ìyẹn? Àmọ́ tó bá kọ ọ́ pé òun ń dá oníbàárà bíi 40 lóhùn lójúmọ́, pé òun ló ń ṣírò owó sínú Excel lálaalẹ́, òun náà ló sì ń bá báńkì fà á tí wọ́n bá yọ owó ẹnì kan tí kò wọlé, wọ́n á fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń yanjú ẹ̀, á sì rí nǹkan sọ torí ó ṣe é lóòótọ́.

Ojú ewé kan tàbí méjì ti tó. Ẹ fi ẹ̀sìn, ìpínlẹ̀ tẹ́ ẹ ti wá àti bẹ́ ẹ ṣe ga tó sílẹ̀, àfi tí wọ́n bá béèrè. NIN, BVN àti nọ́ńbà àkáǹtì yín ò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ láéláé, àwọn oníjìbìtì pọ̀. Ẹ má fi irọ́ kún èsì ìdánwò yín, wọ́n ṣì máa ní kẹ́ ẹ kó sátífíkéètì wá. Ẹ fi PDF ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì fi orúkọ yín pe fáìlì náà, kì í ṣe "CV tuntun 3". Ẹni tẹ́ ẹ bá kọ orúkọ ẹ̀ pé ó mọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti pè é sọ fún un ṣáájú.

Tí wọ́n bá ti pè yín, ẹ fún ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ yín kan ní CV náà, kó máa bi yín ní ìbéèrè láti ìlà àkọ́kọ́ títí dé ìparí. Ìlà tẹ́ ẹ bá ti dákẹ́, ẹ tètè lọ múra sí i. Kẹ́ ẹ sì tọ́jú èyí tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ síbi kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí wọ́n lè má pè yín títí oṣù méjì, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ wọn.