Ẹ má tíì gé ti àtijọ́: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú pípààrọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ilé

Inú ló sábà máa ń bí èèyàn kó tó pààrọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ilé. Ìpàdé ń lọ lórí Zoom, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, ẹni náà sì búra pé òun ò ní san kọ́bọ̀ mọ́ fún àwọn oníjìbìtì wọ̀nyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ san án. Ẹni tó ní òun ń bọ̀ wá fa fáíbà, wáyà tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, lọ́la lè má yọjú fún ọ̀sẹ̀ méjì: ó lè jẹ́ pé wáyà wọn ò tíì dé òpópónà yín, tàbí kí lándílọ́ọ̀dù fárí gá pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lu ògiri òun. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ fún oṣù kan ná.

Àṣìṣe tó burú jù ni kí èèyàn béèrè iye tó jẹ́, kó má béèrè bó ṣe ń ṣe ládùúgbò tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ yín ní Lẹ́kí ní ó ń sáré gan-an. Ìkòròdú lẹ̀yin ń gbé. Aládùúgbò ni kí ẹ bi: báwo ló ṣe máa ń rí ní aago mẹ́sàn-án alẹ́? Ọ̀sán ni éjẹ́ǹtì máa ń gbé ráútà, àpótí tó ń pín Wi-Fi, wá dán wò, nígbà tí gbogbo èèyàn ti lọ síbi iṣẹ́. Alẹ́ ni gbogbo ilé ń wo fíìmù. Bó bá jẹ́ ráútà 5G, ẹ ní kó tàn án nínú yàrá tí ẹ ó ti máa lò ó, kì í ṣe lẹ́nu géètì. Níbi tí 5G kò bá dé, orí 4G ló máa bọ́ sí, owó yín kò sì ní padà.

Bí wọ́n bá kọ 40 Mbps, ìyẹn bí íntánẹ́ẹ̀tì náà ṣe ń yára tó, ẹ pín in sí mẹ́jọ: MB márùn-ún ni yóò máa wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé. “Unlimited” náà sì ní ibi tó ń mọ. Bí ẹ bá lo dátà kọjá iye kan, wọ́n lè dín eré rẹ̀ kù. Ẹ béèrè iye GB náà kí ẹ tó sanwó.

Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ iná. Bí NEPA bá mú iná lọ, fáíbà ìta lè wà digbí, àmọ́ àpótí tó wà ní pálọ̀ yín ti kú. Kí ẹ tó ra bátìrì kékeré tó ń gbé e, ẹ dojú ráútà dé, ẹ ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, bíi 12V 1A (fóòtì méjìlá, áńpù kan). Fóòtì tí kò bá a mu lè jó o. Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ti ojú sánmà wá nípasẹ̀ sátẹ́láìtì, tó dé Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2023, ń jẹ iná ju ráútà 4G lọ dáadáa, kò sì fẹ́ kí igi máńgòrò dí ojú ọ̀run mọ́ ọn.

Ráútà tí wọ́n ti tì mọ́ síìmù ilé iṣẹ́ kan kò ní gba ti ilé iṣẹ́ mìíràn, ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á ní pọ̀ọ́kú. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wá pa ti àtijọ́, ẹ fi orúkọ Wi-Fi àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sórí tuntun; tẹlifíṣọ̀n àti fóònù Màmá á wọlé fúnra wọn. Bí wàhálà bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fẹjọ́ sun ilé iṣẹ́ náà, kí ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́, kí ẹ tó pe NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì, lórí 622.