Bí ẹ ṣe lè mú ọmọ yín tó ti ń bàlágà lọ wo àbàtà àti ẹranko igbó ní Lẹ́kkí

Ọ̀pọ̀ òbí tó ń mú ọmọ lọ sí Lekki Conservation Centre, àfárá orí igi nìkan ló wà lọ́kàn wọn. Wọ́n á sanwó, wọ́n á gun àfárá, wọ́n á ya fọ́tò, kí wákàtí kan tó pé wọ́n ti wà nínú mọ́tò, ó dilé. Àfárá náà dára, a ò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an ló ṣọ̀wọ́n: àbàtà tó ṣì wà láàyè láàárín ilé ńláńlá àti títì Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́, hẹ́kítà 78, tí àjọ Nigerian Conservation Foundation ti ń tọ́jú láti ọdún 1990. Ọmọ ọdún 13 sí 17 lè lo wákàtí mẹ́rin níbẹ̀ láìfapá jánú, bí ẹ bá gbé iṣẹ́ gidi lé e lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn ń fà á kiri, tí ẹ ń ṣàlàyé gbogbo igi fún un, kó tó di ọ̀sán ojú rẹ̀ á ti padà sínú fóònù.

Ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ lọ

Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ló dára jù. Òjò ti dáwọ́ dúró, pákó tí wọ́n fi ṣe ojú ọ̀nà gba inú àbàtà kọjá ti gbẹ, omi ti fà débi pé ipasẹ̀ ẹranko ń hàn lórí ẹrẹ̀, àwọn ẹyẹ tó ń sá fún òtútù Yúróòpù sì ti dé sọ́dọ̀ wa. Oṣù kẹfà ni òjò Èkó máa ń le jù. Pákó á máa yọ̀, ẹ̀fọn á pọ̀, bí ààrá bá sì ń sán, kò sẹ́ni tó yẹ kó wà lórí àfárá. Bó bá jẹ́ ìgbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn nìkan ni ọmọ ráyè, ẹ fojú sí oṣù kẹjọ, torí òjò sábà máa ń sinmi díẹ̀ nígbà náà kó tó tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án.

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ òwúrọ̀ ni wọ́n ń ṣí géètì. Kí ìyẹn bá yín níbẹ̀. Òwúrọ̀ ni ẹyẹ àti ọ̀bọ ń wá oúnjẹ. Tó bá ti ń lọ sí aago méjìlá, oòrùn ti lé wọn wọ ibòòji, ariwo èèyàn sì ti gba ibẹ̀ kan. Ọjọ́ iṣẹ́ sàn ju Sátidé lọ, Sátidé sì sàn ju ọjọ́ ọdún lọ. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìkẹjà tàbí Ìkòròdú, kó kúrò nílé ní aago mẹ́fà, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ má bàa jẹ gbogbo òwúrọ̀ náà. Ẹni tó máa wọ bọ́ọ̀sì, kó wọ ọkọ̀ Àjá, kó sì sọ fún kọ̀ndọ́ pé Chevron lòun ti máa bọ́. Owó géètì lọ́tọ̀, owó àfárá lọ́tọ̀. Iye rẹ̀ máa ń yí padà, torí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ. Ẹ mú owó dání, torí POS lè má ṣiṣẹ́.

Ohun tẹ́ ẹ máa wọ̀ àtèyí tẹ́ ẹ máa gbé

Ṣòkòtò gígùn àti aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, kí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, torí aṣọ dúdú ń pe ẹ̀fọn. Bàtà tó bo ẹsẹ̀, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò fẹ̀lẹ́. Ọmọ á fẹ́ wọ sílípáàsì, ẹ má gbà fún un, torí pákó tó tutù àti sílípáàsì kò bára wọn ṣọ̀rẹ́. Omi lítà kan ààbọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Oògùn ẹ̀fọn tí DEET inú rẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń lé ẹ̀fọn, wà láàárín ìpín 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìpara oòrùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún bí ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ tó fi oògùn ẹ̀fọn lé e. Bí ẹ bá dà á rú, ìpara oòrùn á bo oògùn náà mọ́lẹ̀, ẹ̀fọn á sì máa jẹ yín lọ.

Báàgì ẹ̀yìn oníṣíìpù ni kẹ́ ẹ kó gbogbo ẹrù sí. Ẹ má gbé ọ̀rá lọ́wọ́. Àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ ti mọ ìró ọ̀rá, oúnjẹ ni wọ́n kà á sí.

Awò olójú méjì tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn ló máa ń sọ ìrìn náà di nǹkan mìíràn, a ò sì rò pé ó yẹ kẹ́ ẹ lọ láìmú ọ̀kan. Èyí tí wọ́n kọ 8x42 sí lára ni kẹ́ ẹ wá. 8 ni iye ìgbà tó fi ń fa nǹkan súnmọ́ni, 42 ni fífẹ̀ gíláàsì iwájú rẹ̀ ní mìlímítà. Ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà fi 20x tàn yín: bó bá ti ju 10 lọ, ìwọ̀nba gbígbọ̀n tí ọwọ́ ń gbọ̀n á ba ohun tẹ́ ẹ ń wò jẹ́.

Ilé ni kí ọmọ ti tò ó sí ojú ara rẹ̀. Kó ṣẹ́ ẹ po láàárín títí òbìrí méjèèjì tó ń rí á fi di ẹyọ kan. Kó fi ọwọ́ bo gíláàsì ọ̀tún, kó wo nǹkan tó jìnnà tó mítà 20, kó yí àgbá àárín títí á fi mọ́ kedere lójú òsì. Lẹ́yìn náà kó bo ti òsì, kó má fọwọ́ kan àgbá àárín mọ́, kó yí òrùka tó sábà máa ń wà níbi ojú ọ̀tún títí tìyẹn náà á fi mọ́. Ó parí, láti ìgbà yẹn àgbá àárín nìkan ni yóò máa yí. Ẹni tó ń lo awò ojú, kó yí rọ́bà ibi ojú wọlé. Àṣìṣe tí gbogbo ẹni tó ń kọ́ ọ ń ṣe ni pé wọ́n á rí ẹyẹ, wọ́n á wolẹ̀ kí wọ́n tó gbé awò náà sójú, ẹyẹ á sì ti sọnù mọ́ wọn lójú. Kó tẹ ojú mọ́ ẹyẹ, kó má ṣẹ́jú kúrò lára rẹ̀, kó wá gbé awò náà bọ àárín ojú àti ẹyẹ.

Fóònù di irinṣẹ́

Ẹ má gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ. Kó wa áàpù méjì sórí rẹ̀ nílé: Merlin, tó ń sọ orúkọ ẹyẹ, àti iNaturalist, tí wọ́n ń gbé fọ́tò ewéko àti ẹranko sí kí wọ́n lè mọ orúkọ rẹ̀, kó sì wa àkójọ ẹyẹ agbègbè wa sínú Merlin, torí nẹ́tíwọọ̀kì inú igbó kò ṣe é gbọ́kàn lé. Ọmọ ọdún 13 lè ní àkáǹtì tirẹ̀ lórí iNaturalist. Bí Merlin bá gbọ́ ohùn ẹyẹ kan tó sì sọ orúkọ rẹ̀, ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ àyàfi bí ojú bá rí i. Ewéko kan, fọ́tò mẹ́ta: gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, ojú ewé, àti ẹ̀yìn ewé pẹ̀lú igi tó so mọ́. Fọ́tò ẹyọ kan tí wọ́n ti òkèèrè yà kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni lè sọ orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá fi fóònù sí airplane mode, GPS ṣì ń ṣiṣẹ́, bátìrì sì máa pẹ́.

Kí ọmọ ní ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan tí a fa ìlà sí: aago, ibi, ohun tí a rí, ohun tó ń ṣe, orúkọ Yorùbá. Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn, ẹ má kọ ọ́ fún un. Kó pe ìyá àgbà lórí fóònù nírọ̀lẹ́, kó ṣàpèjúwe ẹyẹ náà, kí màmá sọ bóyá àtíòro ni, tàbí ẹ̀gà, tàbí lékeléke.

Lórí pákó

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ ọmọbìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù. Ẹ ò ní rí i nínú igbó. Ojú ọ̀nà pákó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà méjì. Kí ọmọ ṣíwájú, kí ẹ̀yin máa bọ̀ lẹ́yìn. Níbi tí pákó bá ti dà bí èyí tó gbó, orí ìlà ìṣó ni kẹ́ ẹ máa gbé ẹsẹ̀ lé, torí abẹ́ ibẹ̀ ni igi tó gbé pákó ró wà. Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ sínú àbàtà, ẹ má sì tẹ́wọ́ sómi: ọ̀nì wà níbẹ̀, ejò wà níbẹ̀. Àwọn ẹranko ibí kò sí nínú àgò, ọmọ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ilé. Ọ̀bọ, ọ̀kẹ́rẹ́ àti awọ́nríwọ́n, ó ṣòro kẹ́ ẹ má rí wọn. Ọ̀nì, ẹ lè rí i. Ìgalà, oríire ni.

Bẹ́ ẹ bá dé ibùdó tí wọ́n ti ń wo àbàtà tàbí ilé ìṣọ́ ẹyẹ, ẹ jókòó fún 20 ìṣẹ́jú, kí ọmọ mú aago. Bí ẹ ṣe ń rìn bọ̀, pákó ń gbọ̀n, gbogbo ẹ̀dá tó wà nítòsí ti gbọ́. Fún ìṣẹ́jú mélòó kan nǹkan kan ò ní mira. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí ti máa ń dìde. Ẹ dúró: ọ̀pọ̀lọ́ ló máa ń kọ́kọ́ padà dún, ẹyẹ á tẹ̀ lé e. Ẹ máa wo ẹrẹ̀ lásìkò yẹn. Bí ẹ bá rí ipasẹ̀ lọ́tùn-ún lósì pẹ̀lú ìlà kan tó wọ́ láàárín, awọ́nríwọ́n ló wọ́ ìrù rẹ̀ kọjá.

Omi ibẹ̀ dúdú bíi tíì. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Ewé tó ń jẹrà nínú omi ló ń tú àwọ̀ sílẹ̀. Bí nǹkan bá ń dán láwọ̀ òṣùmàrè lójú omi, ẹ fi igi gbígbẹ kan gbá a. Bó bá fọ́ wẹ́wẹ́, bakitéríà tó ń jẹ irin ló ṣe é. Bó bá ṣàn padà tó tún dì mọ́ra, epo ni.

Lára igi, ẹrẹ̀ máa ń fi ìlà sílẹ̀ níbi tí omi òjò ga dé. Kí ọmọ wọn ọ́n. Kó wá ṣírò: hẹ́kítà kan tó gba omi tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 10 péré, mílíọ̀nù lítà kan ló gbà, ìyẹn tánkà onílítà 10,000 ọgọ́rùn-ún. Nírọ̀lẹ́, kó ṣí Google Earth Timelapse, tó ní àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n yà láti ojú òfuurufú láti ọdún 1984, kó wo bí wọ́n ṣe da iyanrìn bo àbàtà Lẹ́kkí lọ́dọọdún. Ẹ má ṣàlàyé ìdí tí títì fi ń kún fún omi. Òun fúnra rẹ̀ á bi yín.

Ọ̀bọ

Mona ni irú wọn: ẹ̀yìn pupa rẹ́súrẹ́sú, ikùn funfun, àbààwọ́n funfun méjì ní ẹ̀gbẹ́ ìdí ìrù. Bó bá rí èso, á rọ́ ọ kún inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí ojú á fi wú, á wá lọ jẹ ẹ́ níbi tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ, ì báà jẹ́ ẹ̀pà kan. Ọ̀bọ tó bá ti mọ èèyàn sí olóúnjẹ kì í tọrọ mọ́, gbígbà ló ń gbà, ọmọdé ló sì máa ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má tẹjú mọ́ ọn, ẹ má yọ eyín sí i; ìpèníjà ló kà á sí. Bó bá ti gba nǹkan, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Bó bá géni jẹ tàbí tó họni, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà nítorí àrùn dìgbòlugi, bó tiẹ̀ jẹ́ ọgbẹ́ kékeré.

Àfárá ni kó gbẹ̀yìn

Mítà 401 ni gígùn rẹ̀, ó sì ga ju mítà 20 lọ níbi tó ga jù. Ẹ so fóònù mọ́ ọrùn, kí ọwọ́ méjèèjì ṣófo. Ohun tó ń mú un mì jù ni kí èèyàn méjì máa gbé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ṣíwájú dé orí pèpéle kí ẹlòmíràn tó bọ́ sí i, tàbí kẹ́ ẹ fi ààyè sílẹ̀ láàárín ara yín. Ẹni tẹ́rù ń bà, kó wo pèpéle tó kàn, kó má wo ilẹ̀, kó máa fi àtẹ́lẹwọ́ yọ́ lórí okùn dípò kó dì í mú gírígírí. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo èèyàn ń gbà lọ, pípadà sẹ́yìn ṣòro, torí náà ìsàlẹ̀ ni kí ọmọ ti pinnu. Bó bá lóun ò gùn, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì fi ọmọ ẹlòmíràn wé e.

Lẹ́yìn ìrìn

Ẹ yẹ ara wò fún eégbọn: ẹ̀yìn orúnkún, ìgbáròkó, abẹ́ apá, ẹ̀yìn etí. Kí ọmọ gbé àwọn fọ́tò sórí iNaturalist lálẹ́ ọjọ́ náà, kí aago àti ibi wà lára wọn, àmọ́ kí ojú rẹ̀ má sí níbẹ̀. Bí ibà bá sì mú un láàárín oṣù kan, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe, kẹ́ ẹ tó ra oògùn ibà.