Bí a ṣe ń tọ́jú ẹyẹ inú àwọ̀n ní ibùdó ìwádìí inú igbó

Wọn kò gbà mí síṣẹ́ kí n lè ka iye ẹyẹ tí a mú. Èmi ni mo ń rí i pé èyí tí a mú padà sórí igi láàyè. Bí wọ́n bá fi irú iṣẹ́ yìí lé yín lọ́wọ́, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ gbà lẹ́nu ọ̀gá ìwádìí ni àṣẹ pé bí ẹ bá ní kí wọ́n ká àwọ̀n, wọn á ká a, ì báà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ló ṣì ń fẹ́ ẹyẹ kan sí i.

Ẹ ka iye ènìyàn tó mọ ẹyẹ yọ kí ẹ tó ka àwọ̀n. Ẹni méjì kò gbọdọ̀ dẹ àwọ̀n mẹ́wàá. Àfẹ̀mọ́júmọ́ la ń dẹ ẹ́, a ń ta á sáàárín òpó méjì. Bí oòrùn bá ti mú tàbí òjò ṣú, ẹ ká a. Kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ìṣẹ́jú 20 síra wọn.

Ìjàlọ ni mo bẹ̀rù jù. Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, a jókòó ti tíì títí ìṣẹ́jú 50 fi kọjá. Ká tó débẹ̀, ìjàlọ ti gun okùn ìsàlẹ̀ àwọ̀n, wọ́n ti bo ẹyẹ kékeré kan. Ojú rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ. Láti ọjọ́ náà, mo ń yí ìdí òpó kọ̀ọ̀kan ká, mo ń wo ilẹ̀ kí a tó dẹ àwọ̀n, okùn ìsàlẹ̀ kì í sì í kan koríko.

Bí ẹ bá ń yọ ẹyẹ, ẹ wo ibi tó gbà wọlé. Ibẹ̀ náà ni yóò gbà jáde. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Ọrùn rẹ̀ yóò wà láàárín ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sinmi lé àtẹ́lẹwọ́ yín. Ẹ má fún àyà rẹ̀: àyà yẹn gbọ́dọ̀ máa lọ sókè sódò kó tó lè mí, bí ẹ bá fún un pinpin, ẹ̀ ń pa á nìyẹn. Ẹyẹ kan, àpò aṣọ kan, kí ẹ gbé e kọ́ síbi ibòji.

Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí ìyẹ́ ikùn rẹ̀. Bí ẹ bá rí awọ pupa tí kò ní ìyẹ́, ó ń sàba ni. Ẹ gbé e padà síbi tí ẹ ti mú un kíákíá, kí ẹyin rẹ̀ má tutù. Èyí tó la ẹnu tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tàbí tó ń pajú dé, kò ní gba òrùka tí a ń fi sí ẹyẹ lẹ́sẹ̀ láti fi dá a mọ̀ lónìí. Lágbègbè Ìbàdàn, bí Ibadan malimbe, ìbátan ẹ̀gà, bá kó sí àwọ̀n, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ dá lóhùn; kò sí níbòmíràn láyé àfi gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ẹ̀jẹ̀ tí a ń gbà lára ẹyẹ fún ìwádìí kì í ju ìdá 1 nínú 100 ìwọ̀n ara ẹyẹ lọ.

Bí ẹyẹ bá kú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: àwọ̀n wo, aago mélòó, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn. Ìwé oṣù méjì ló fi hàn wá pé àwọ̀n kan ṣoṣo lẹ́bàá odò ló ń pa wọ́n, torí oòrùn aago mẹ́sàn-án ń bọ́ sórí rẹ̀ gan-an. A fa òpó rẹ̀ tu, a gbé e lọ sábẹ́ ìrókò.