Òkè Olúmọ kò ga tó: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó ń múra eré òkè gíga

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Abẹ́òkúta ni mò ń gbé. Mo ti rí àyè nínú eré Leadville tó máa ń wáyé lóṣù kẹjọ ní Colorado, Amẹ́ríkà: kìlómítà 161, wákàtí 30 péré. Mò ń sáré gun Olúmọ, mi ò sì í mí hẹlẹhẹlẹ mọ́. Ṣé ó ti tó?

Ìdáhùn: Ti ẹsẹ̀, ó ń bọ̀. Ti èémí, kò tó rárá. Téńté Olúmọ kò ju nǹkan bíi mítà 137 lọ sí ìpele òkun. Ìlú Leadville fúnra rẹ̀ lé ní 3,000, Hope Pass, ọ̀nà tó gba orí òkè kọjá, tí o máa gbà lọ tí o tún máa gbà bọ̀, sì tó nǹkan bíi 3,840. Afẹ́fẹ́ fúyẹ́ lókè yẹn: ọ́síjìn tó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ nígbà kọ̀ọ̀kan tó o bá mí kò ju bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ti Abẹ́òkúta. Tí owó bá wà, tètè débẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ṣáájú, kí ara mọ̀ ọ́n. Ìbòmú tí wọ́n ń tà pé ó ń sọ ilé di orí òkè ńkọ́? Ó kàn ń fún èèyàn nímú ni. Fowó yẹn ra bàtà.

Ìbéèrè: Gígun òkè kò ni mí lára, àmọ́ tó bá dọjọ́ kejì, ẹ̀yìn ni mo fi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé wa. Itan ń ro mí gan-an.

Ìdáhùn: Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń ṣe é. Iṣan iwájú itan ń nà lásìkò kan náà tó ń gbé ìwúwo rẹ dúró, ibẹ̀ ló ti ń fara pa. Ọ̀pọ̀ yín ló ń sáré gòkè, tí ẹ wá ń rọra rìn sọ̀. Yí i padà: yára rìn gòkè, kí o máa fọwọ́ ti orúnkún, kí o wá sáré sọ̀. Ìṣísẹ̀ kúkúrú, kí ojú wà ní àtẹ̀gùn mẹ́ta mẹ́rin síwájú, má wo ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Tí òjò bá rọ̀, jókòó sílé. Òkúta yẹn ń yọ̀ bí ilá.

Ìbéèrè: Wọ́n ní orí máa ń fọ́ni níbẹ̀. Ṣé kí n kó oògùn dání?

Ìdáhùn: Tí ẹ̀fọ́rí náà bá mọ níwọ̀n, sinmi, má sì gòkè sí i títí yóò fi lọ. Àmọ́ tó o bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ kò bára mu, tàbí tí èémí kò balẹ̀ lórí ìjókòó, sọ̀ kalẹ̀ kíá. Oògùn kò lè rọ́pò ìyẹn.

Èyí tí o kò béèrè ló ká mi lára jù: kí ni jẹ́nótáìpù rẹ? AS tí à ń pè ní aláìléwu nílé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dí lábẹ́ ìhà òsì lórí òkè bẹ́ẹ̀, kó di ọ̀rọ̀ ọsibítù. Rí dókítà kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. SS ò gbọdọ̀ dán an wò.

Ìbéèrè: Oúnjẹ ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?

Ìdáhùn: Ànàmọ́ sísè oníyọ̀, díẹ̀díẹ̀, láti wákàtí àkọ́kọ́, torí ebi kì í fi bẹ́ẹ̀ pani lókè. Omi lásán ní àmujù léwu, ó ń bomi la iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀.