Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe kwíìsì fíìmù ajániláyà àtijọ́, ẹ wá gbọ́ bá a ṣe ń ṣe é n'Íjẹ̀bú-Òde

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Kwíìsì àkọ́kọ́ tí mo ṣe, ariwo ló fi parí. Àgbàlá ilé wa la ti ṣe é, ìrọ̀lẹ́ Sunday, àwa bíi mẹ́rìndínlógún, gbogbo wa la fẹ́ràn àwọn fíìmù àtijọ́ tó máa ń jẹ́ kéèyàn ká ẹsẹ̀ sórí àga. Mo wá béèrè pé kí lorúkọ tí ìyá Columbo sọ ọ́, ọlọ́pàá orí tẹlifíṣọ̀n yẹn, ẹni tí kóòtù ẹ̀ máa ń rún bí aṣọ tí màálù jẹ. Ánsà tí mo kọ sílẹ̀ ni Philip. Bọ̀dá kan tó ti ń wo Columbo kí wọ́n tó bí mi dìde, ó ní, "Àbúrò, irọ́ nìyẹn." Mo ní bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jókòó. Wọn ò jókòó.

Bọ̀dá ló jàre o! Ìgbà tí mo délé ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé òyìnbó Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Fred Worth ló dìídì fi Philip yẹn sínú ìwé ẹ̀ bíi takúté, kó lè mú ẹni tó bá ń jí iṣẹ́ ẹ̀ kọ. Lóòótọ́ takúté mú ẹran, torí àwọn tó ni Trivial Pursuit, eré ìbéèrè àti ìdáhùn kan, tẹ Philip sínú eré tiwọn, ọkùnrin náà pè wọ́n lẹ́jọ́ lọ́dún 1984, ó ní kí wọ́n san ọ̀ọ́dúnrún mílíọ̀nù dọ́là. Ilé ẹjọ́ ní ohun tó bá ti jẹ́ òtítọ́ kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, ni ẹran bá gbé takúté lọ sílé. Nínú eré orí tẹlifíṣọ̀n gan-an, Columbo ò fẹ́ sọ orúkọ yẹn fẹ́nì kankan, àmọ́ tẹ́ ẹ bá dá fíìmù dúró níbi tó ti na káàdì ọlọ́pàá ẹ̀ jáde, Frank lẹ máa rí.

Torí ẹ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń sọ fẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe kwíìsì nìyí: ánsà tẹ́ ẹ bá rí níbì kan ṣoṣo, ẹ má béèrè ẹ̀. Ẹ lọ wo fíìmù náà fúnra yín.

Ó yá, tímù. Mẹ́rin-mẹ́rin tó. Níbẹ̀rẹ̀ mo rò pé mo gbọ́n, mo ní ká pín ara wa bíi régbérégbé l'Ójúde Ọba, àgbà lọ́tọ̀, ọmọdé lọ́tọ̀. Ká sòótọ́, kò dáa. Tó bá ti kan fíìmù Ògúǹdé, àwọn àgbà á fọ wá mọ́lẹ̀, tó bá wá kan William Shatner tó rí iwin lórí apá bàálù nínú The Twilight Zone, wọ́n á máa wo ara wọn lójú. Ẹ pò wọ́n pọ̀, kí tímù kọ̀ọ̀kan ní ó kéré tán ẹnì kan tó ti fi kásẹ́ẹ̀tì fídíò wo fíìmù rí.

Ibi tí iṣẹ́ wà jù ni ìbéèrè. Ìbéèrè tó dáa kì í ṣe èyí tẹ́nì kankan ò lè dáhùn, ìyẹn ò dùn, àwọn èèyàn á kàn máa fọwọ́ pa ẹ̀fọn. Èyí tó dáa ni èyí tí ánsà ẹ̀ wà lórí ahọ́n gbogbo wọn tí ò fẹ́ já bọ́, tàbí èyí tí wọ́n lè fi ọgbọ́n orí wá. Tẹ́ ẹ bá ní ọdún wo ni Psycho jáde, fíìmù tí Alfred Hitchcock darí, tí wọ́n ti pa obìnrin kan níbi tó ti ń wẹ̀, ẹni tó mọ 1960 á sọ ọ́, ẹni tí ò mọ̀ á dákẹ́, ó tán. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn lọ nínú báfù Psycho yẹn, kí ni wọ́n fi ṣe é? Ẹ máa rí i bí tímù á ṣe kó orí jọ. Ẹnì kan ní tòmátò, ẹnì kan ní sobo, ẹnì kan tiẹ̀ ní epo pupa, títí ẹnì kan á fi rántí pé fíìmù náà ò ní kọ́lọ̀, pé ohunkóhun tó bá ṣáà ti dúdú tó dẹ̀ ń ṣàn ló lè jẹ́, wọ́n á wá dé ibi ṣokoléètì olómi. Ẹ wá fi jàárá lé e pé ibi tí wọ́n ti pa obìnrin náà ò ju ìṣẹ́jú àáyá márùnlélógójì lọ àmọ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi yà á, wọ́n á figbe ta.

Ẹ lè dẹ pàkúté díẹ̀ náà o. Mọ́tò tí Columbo ń wà, Pìjó ni, Pìjó wo? Gbogbo ilé ló máa pariwo 504, torí òun la mọ̀, òun ló gbé bàbá wa lọ sí Èkó. 403 ni. Tàbí kẹ́ ẹ ní ìlù wo ni wọ́n ń lù lábẹ́ nígbà táwọn ẹyẹ ya bo ìlú nínú The Birds, fíìmù 1963 yẹn, nígbà tí wọn ò lu ìlù kankan sábẹ́ ibẹ̀, igbe ẹyẹ nìkan ni. Ẹyọ kan péré sha ní ràúǹdù kọ̀ọ̀kan, tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ wọ́n á bínú.

Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ tòyìnbó nìkan jàre. Ososa tí Ògúǹdé ti wá, ìtòsí ibi ni. Ẹ bi wọ́n pé yunifọ́ọ̀mù iṣẹ́ ìjọba wo ló wọ̀ kó tó gbájú mọ́ tíátà, ti ọlọ́pàá ni. Táwọn ará Rẹ́mọ bá wà níbẹ̀, ẹ bi wọ́n pé ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ wo ni olórí ìjọba Western Region lọ́jọ́ tí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn, 31 October 1959. Ìyẹn ti rọrùn jù fún wọn, ẹ kàn fi bẹ̀rẹ̀ kára lè yá wọn.

Ràúǹdù tí mo fẹ́ràn jù rèé. Ẹ mú ìtàn fíìmù, ẹ sọ ọ́ bíi pé àdúgbò yín ló ti ṣẹlẹ̀, ẹ má dárúkọ ẹnì kankan, kí wọ́n sọ fíìmù tó jẹ́. Bíi báyìí: "Ẹ gbọ́ o, ọlọ́pàá kan délé nírọ̀lẹ́, ó sọ fún ìyàwó ẹ̀ pé òun ń fi í sílẹ̀. Obìnrin ò pariwo o, ó lọ sídìí fìríìsà, ó gbé itan ọ̀dọ́ àgùntàn tó ti dì gbagidi, gbàù, ó gbá a lórí. Ó wá ti itan náà bọ ofúnù. Àwọn ọlọ́pàá dé, wọ́n wá nǹkan tó pa á, wọn ò rí i, obìnrin ní ẹ ṣáà jẹun ná, wọ́n jókòó, wọ́n ń jẹ ẹran lọ, wọ́n ń sọ fún ara wọn pé nǹkan yẹn ò lè jìnnà síbí." Ọ̀kan lára eré orí tẹlifíṣọ̀n Alfred Hitchcock nìyẹn, 1958, òun fúnra ẹ̀ ló darí ẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́, ìyá kan tó kàn wá bá wa jókòó, tí kì í wo fíìmù òyìnbó rárá, ní, "Ṣé wọ́n jẹ ẹ́ tán?" Mo ní wọ́n jẹ ẹ́ màmá. Wọ́n pàtẹ́wọ́!

Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ náà dáa fún ràúǹdù yìí, ti Kelani, 1993, àwọn tó ta ilẹ̀ àjogúnbá kí wọ́n fi kọ́lé epo, ikú wá ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ n'Íjẹ̀bú tẹ́ ẹ bá ti mẹ́nu ba ẹjọ́ ilẹ̀, ẹ ṣọ́ra, ẹnì kan lè rò pé òun lẹ̀ ń bá wí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé ohùn fíìmù sí i, ẹ ti dà á sórí fóònù ṣáájú, kẹ́ ẹ dẹ̀ ti cháàjì sípíkà, torí iná. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ tó. Fóònù àwọn tó ń dáhùn, inú igbá ni gbogbo ẹ̀ ń lọ, ẹni tó bá fẹ́ lọ tọ̀, kó lọ tọ̀ láìmú fóònù dání.

Hitchcock máa ń sọ pé bí bọ́ǹbù bá kàn bú lójijì, àyà èèyàn á já lẹ́ẹ̀kan, ó tán, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti fi hàn wọ́n pé bọ́ǹbù wà lábẹ́ tábìlì, táwọn tó jókòó síbẹ̀ ò sì mọ̀, wọn ò ní lè mí títí tó fi máa bú. Ohun tí mo ṣe sí kwíìsì wa náà nìyẹn. Kí ràúǹdù àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń lẹ ìbéèrè tó gbẹ̀yìn mọ́ ògiri, gàdàgbà, ó wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dáhùn ẹ̀ àfi tó bá di ìparí, tímù kọ̀ọ̀kan á kọ ánsà sórí bébà pẹ̀lú iye pọ́íǹtì tí wọ́n fẹ́ fi ta tẹ́tẹ́. Èyí tí mo lẹ̀ kẹ́yìn ni: ọmọ Ìjẹ̀bú wo ló wà nínú fíìmù kan náà pẹ̀lú ẹni tó padà wá di James Bond? Wọ́n dáhùn nǹkan tó kù, ojú wọn ò kúrò lára ògiri. Ògúǹdé náà ni, nínú Mister Johnson, 1990, òun àti Pierce Brosnan, ọdún yẹn gan-an ni bàbá kú. Tímù tó ti fi gbogbo pọ́íǹtì wọn lé "Lere Paimo" ò bá mi sọ̀rọ̀ títí di Wednesday.

Ẹ yan adájọ́ kan tí kì í ṣe ara tímù. Tí ìjà bá dé lórí ánsà, ẹ má fa ọ̀rọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ jọ wo fíìmù náà ní Sunday tó ń bọ̀.

Ẹ̀bùn ńkọ́? Gàárì Ìjẹ̀bú kóńgò méjì pẹ̀lú ẹ̀pà. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ahun ni wá, ẹ máa wí. Tímù tó gbẹ̀yìn ló ń fọ abọ́ ìkọ́kọrẹ́. Bọ̀dá Columbo ni adájọ́ wa báyìí, wọ́n dẹ̀ mọ iṣẹ́ yẹn, àmọ́ títí di òní, Philip ni wọ́n ń pè mí.