Bí mo ṣe pinnu ohun tí màá ṣe nígbà tí wọ́n ní implant àyà mi gbọ́dọ̀ jáde

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi kí n tó kọ ọ́. Láàárín àwa Yorùbá, ọ̀rọ̀ ọyàn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ ní gbangba, kódà ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ, wọ́n á kàn ní ara ẹ̀ ò yá díẹ̀ ni, ó parí. Ṣùgbọ́n nígbà tó kàn mí, mo wá a títí kí n lè ka ohun tí obìnrin bíi tèmi kọ lédè wa nípa implant, ìyẹn àpò tí wọ́n ń fi sínú àyà dípò ọyàn, tó ti bàjẹ́, mi ò rí kankan, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

London ni mo ń gbé, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe. Wọ́n gé ọyàn òsì mi nítorí jẹjẹrẹ, inú iṣẹ́ abẹ yẹn náà ni wọ́n ti fi implant sílíkónì, èyí tí nǹkan bíi jẹ́lì wà nínú ẹ̀, síbẹ̀, lẹ́yìn náà mo gba kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, mo tún gba ìtànṣán tí wọ́n fi ń jó o. Ẹ fi ti ìtànṣán yẹn sọ́kàn o, torí òun ló fa ọ̀pọ̀ nǹkan. Kò sí ara tí kì í fi awọ àpá yí implant ká, ara tiẹ̀ mọ̀ pé àlejò ni, àmọ́ ibi tí ìtànṣán bá ti kọjá, awọ yẹn lè máa nípọn, kó máa sún kì, kó máa fún implant náà pọ̀ títí ọyàn á fi le, á sì máa gun òkè lọ. Capsular contracture ni àwọn dókítà ń pè é, wọ́n sì máa ń wọ̀n ọ́n láti 1 dé 4. Ní 1 kò sí wàhálà, ó rọ̀. Ní 3, èèyàn á ti máa fojú rí i pé kò rí bó ṣe yẹ kó rí mọ́. Ní 4 ó le, ó tún ń dunni. 4 ni tèmi.

Ìdí gèlè ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀. Mo fẹ́ lọ òde, mo gbé apá òsì sókè kí n fi fa ẹ̀yìn gèlè, ó wá ṣe mí bíi pé ẹnì kan so okùn mọ́ egungun ìhà mi láti inú, tó sì dì í mú. Mo sọ apá kalẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn mo wá ń ṣàkíyèsí àwọn nǹkan tí mo ti ń gbójú fò tẹ́lẹ̀, pé mi ò lè fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn, pé tí òtútù bá dé, ọyàn ọ̀tún á lọ́ wọ́ọ́rọ́, ti òsì á tutù nini lábẹ́ aṣọ fún wákàtí gbáko lẹ́yìn tí mo bá wọlé, torí kò sẹ́jẹ̀ tó ń gba inú implant kọjá. Ohun tó wá lé mi lọ sọ́dọ̀ GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, ni kókó kékeré kan tó yọ lábẹ́ abíyá. Ẹni tó bá ti ṣe jẹjẹrẹ rí á mọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn, mi ò sùn.

GP ò fi falẹ̀ rárá. Wọ́n ya àwòrán abíyá, wọ́n fi abẹ́rẹ́ yọ díẹ̀ nínú kókó yẹn lọ yẹ̀ wò, èsì tó jáde ni pé kì í ṣe jẹjẹrẹ, sílíkónì ni, ó ti ń jò látinú implant lọ bá àwọn kókó tó wà lábẹ́ abíyá. Wọ́n wá ní kí n lọ ṣe MRI, ìyẹn àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ńlá yà, òun ló fi hàn pé èèpo implant náà ti ya, ó ti ká jọ sínú sílíkónì tó yẹ kó bò. Nǹkan tó yà mí lẹ́nu jù ni pé mi ò mọ ọjọ́ tó ya. Tó bá jẹ́ implant oníyọ̀, ìyẹn tó jẹ́ omi iyọ̀ ló wà nínú ẹ̀, tó bá ya, ọyàn á rọ̀ sílẹ̀ kíá, gbogbo ayé á rí i, ṣùgbọ́n sílíkónì ki, ó lè ya kó má pariwo fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí nìyẹn tí FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn àti irinṣẹ́ ìwòsàn l'Amẹ́ríkà, fi ní kí ẹni tó ní sílíkónì lọ ya àwòrán ní ọdún karùn-ún sí ìkẹfà, kó sì máa ya á lọ́dún méjì-mẹ́ta síra wọn lẹ́yìn náà. Àwọn náà ló sọ ọ́ kedere pé implant kì í ṣe ohun à-fi-wọ-sàréè, bó bá ṣe ń pẹ́ lára ni ewu ẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ síbí, torí ó ṣe pàtàkì. Ẹ lọ wá káàdì implant yín. Wọ́n máa ń fúnni ní káàdì kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é àti nọ́ńbà ẹ̀ wà lára ẹ̀, tí ẹ ò bá rí i mọ́, ẹ kọ̀wé sí ilé ìwòsàn tó ṣe é, kí wọ́n fún yín ní àkọsílẹ̀ yín. Tẹ́ ẹ bá rí PIP lórí ẹ̀, ilé iṣẹ́ Faransé yẹn ni wọ́n tì pa ní 2010 nítorí pé sílíkónì tí kì í ṣe ti ìwòsàn ni wọ́n ń lò, ẹni tó dá a sílẹ̀ sì gba ìdájọ́ ẹ̀wọ̀n ọdún 4 ní 2013. Tó bá jẹ́ implant ilé iṣẹ́ Allergan tí ara ẹ̀ ò dán, tí wọ́n ń pè ní BIOCELL, wọ́n kó ìyẹn kúrò lọ́jà káàkiri àgbáyé ní July 2019 nítorí irú jẹjẹrẹ kan tó ń mú ara tó yí implant ká, tó yàtọ̀ sí jẹjẹrẹ ọyàn. Wọn ò ní kí gbogbo ẹni tó ní in lọ yọ ọ́ o, tí nǹkan kan ò bá ṣe é. Ṣùgbọ́n tí ọyàn kan bá ṣàdédé wú lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, tí omi gbára jọ síbẹ̀, ẹ má fi àgbo ṣe é, ẹ má retí kó lọ fúnra ẹ̀, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ. Mo wo tèmi, kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ó wá ku kí n pinnu. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ló jókòó tì mí, obìnrin ni, ó ní sùúrù. Ó ní implant náà gbọ́dọ̀ jáde, lórí ìyẹn kò sí àríyànjiyàn, ohun tá a máa fi rọ́pò ẹ̀ ló kù. Ó ní a lè fi implant tuntun síbẹ̀. Ó ní a lè lo ara mi fúnra mi, kí wọ́n gé awọ àti ọ̀rá láti ìsàlẹ̀ ikùn, kí wọ́n fi ṣe ọyàn, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní DIEP, tàbí kí wọ́n mú un láti ẹ̀yìn. Ó ya àwòrán gbogbo ẹ̀ fún mi sórí bébà. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán, mo wá ní, "Dókítà, tí n ò bá fi nǹkan kan síbẹ̀ mọ́ ńkọ́?" Ó gbé bíríò sílẹ̀, ó wojú mi, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn náà wà, ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń ṣe é. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n èmi ni mo béèrè o. Ohun tó ń ká mi lára títí dòní nìyẹn, pé tí mi ò bá béèrè, mi ò bá kúrò nínú yàrá yẹn láìmọ̀ pé ẹnu ọ̀nà mìíràn ṣí sílẹ̀.

Mo gbé bébà yẹn lọ sílé, mo ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Implant tuntun ló yá jù, iṣẹ́ abẹ ẹ̀ ò pẹ́. Àmọ́ awọ tí ìtànṣán ti jó náà ni wọ́n tún máa fi bò ó, dókítà ò sì pa á mọ́ fún mi pé ó ṣeé ṣe dáadáa kó tún le bí ti àkọ́kọ́. DIEP wù mí gan-an, mi ò ní purọ́, torí ẹran ara ẹni ni, ó ń gbóná, tó o bá sanra á sanra, tó o bá rù á rù, kò sí pé à ń pààrọ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wákàtí ni wọ́n máa fi ṣe é, wọ́n á máa rán iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín pọ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ awò-mú-nǹkan-tóbi, àwọn nọ́ọ̀sì á máa wá wò ó léraléra ní òru àkọ́kọ́ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dé ibẹ̀, torí tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé ibẹ̀ ó lè kú, wọ́n á sì yọ ọ́ dànù. Ojú ọgbẹ́ ẹ̀ máa gùn láti ìbàdí dé ìbàdí. Èmi dẹ̀ ni ara mi máa ń wú lójú àpá, ibi tí wọ́n lu etí mi wú, ibi tí wọ́n ti ṣe siṣéríàn wú, ó ń yún mi títí dòní. Ẹ ronú ojú àpá gígùn yẹn lára irú awọ báyìí. Iṣẹ́ mi sì tún ńkọ́? Iṣẹ́ gbígbé èèyàn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ni, ẹni tí wọ́n bá gé níkùn ò lè padà sídìí ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, owó àìsàn tí òfin sì là sílẹ̀ níbí ò tó rẹ́ǹtì.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà n'Ìbàdàn ò fara mọ́ ọn kí wọ́n má fi nǹkan kan síbẹ̀. Orí WhatsApp la ti ń fà á, ó ní, "Àbúrò mi, obìnrin ni ẹ́ o, wọ́n á máa wò ẹ́." Mo ní ta ni "wọ́n", ṣé àwọn tá a jọ ń wọ bọ́ọ̀sì? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ó dáa, èwo nínú gbogbo ẹ̀ ni wọn ò tún ní pè ẹ́ padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ lé e lórí?" Kò mọ̀ pé ìbéèrè yẹn ló tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀ fún mi. Mo ti ń da ọ̀rọ̀ náà rò láti ibi bó ṣe máa rí nínú aṣọ, ohun tó sì yẹ kí n máa bi ara mi ni mélòó ni mo tún lè fara gbà. Bàbá Tómi ní tiẹ̀ kàn sọ pé, "Ìwọ lo máa gbé e káàkiri, èmi kọ́. Èyí tó bá rọ̀ ẹ́ lọ́rùn." Ó tún bá mi lọ bá dókítà nígbà tá a padà lọ.

Kí n tó fọwọ́ sí i, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn oníjẹjẹrẹ ọyàn gbé ọyàn àtọwọ́dá wá fún mi kí n fọwọ́ kàn án. Ọ̀kan jẹ́ sílíkónì, ó wúwo bí ọyàn gidi, wọ́n ń fi sínú àpò tó wà nínú kọ́mú. Èkejì fúyẹ́, aṣọ ni, wọ́n kó òwú sínú ẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ń wọ̀ nígbà tí ọgbẹ́ ò tíì jinná. NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń pààrọ̀ ẹ̀ tó bá gbó. Àwọn obìnrin kan tún wà tí wọ́n ń fi òwú hun ún, Knitted Knockers ni wọ́n ń jẹ́, wọn kì í gbowó. Mo gbé ti sílíkónì yẹn lé àtẹ́lẹwọ́, mo tì í bọ kọ́mú, mo wọ bùbá lé e, mo wo dígí. Mo ní ó ti tó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe bíi tèmi, ẹ sọ ọ́ lẹ́nu yín fún dókítà pé pẹrẹsẹ lẹ fẹ́ kó wà, kí wọ́n gé awọ tó bá ṣẹ́ kù kúrò, kí wọ́n má fi í sílẹ̀ ní jọ́bọ́jọ̀bọ̀ pé bóyá ẹ lè yí ọkàn padà. Ẹ ní kó fi fọ́tò èyí tí òun fúnra ẹ̀ ti ṣe hàn yín, pàápàá lára aláwọ̀ dúdú. Mo tún béèrè nípa awọ àpá tó yí implant ká, torí mo ti kà á pé dandan ni kí wọ́n yọ gbogbo ẹ̀ lódindi pẹ̀lú implant nínú ẹ̀. Dókítà mi ní ìyẹn wà fún ẹni tí jẹjẹrẹ bá wà nínú awọ yẹn, pé lára ẹlòmíì ó lè lẹ̀ mọ́ egungun ìhà, tí wọ́n bá ní tipátipá àwọn á bó o, wọ́n lè dá ihò sí awọ ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní òun á yọ èyí tó bá ṣeé yọ láìfa wàhálà, òun á sì kó o lọ sí láàbù. Àwọn kókó abíyá ní tiwọn, ó ní ká fi wọ́n sílẹ̀, torí yíyọ wọn lè jẹ́ kí apá wú.

Ní ti owó, èmi ò san kọ́bọ̀, torí ara ìtọ́jú jẹjẹrẹ ni NHS kà á sí. Ẹni tó fowó ara ẹ̀ ṣe é fún ẹwà, NHS lè bá a yọ ọ́ tí àìlera bá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà wọn kì í fi tuntun rọ́pò, torí náà kó kọ́kọ́ lọ ka ìwé àdéhùn tó bá ilé ìwòsàn aládàáni ṣe. Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, òfin kan wà láti 1998 pé ilé iṣẹ́ adójútòfò tó bá ń sanwó gígé ọyàn gbọ́dọ̀ sanwó àtúnṣe ẹ̀ àti ti wàhálà tó bá tìdí ẹ̀ yọ, ọyàn àtọwọ́dá náà wà níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu lásán dá yín padà.

Nígbà tí mo jí, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí implant náà. Wọ́n ti bá mi fi pamọ́ sínú ike. Ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, èèpo ẹ̀ ti fà ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, sílíkónì inú ẹ̀ ń fà yọ̀ọ̀ bí wọ́n ṣe dorí ike kodò. Mo ya fọ́tò ẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, ó kàn fi "Olúwa ṣeun" dáhùn, kò bá mi jà mọ́ látọjọ́ náà.

Rọ́bà tó ń fa omi ọgbẹ́ ló ni mí lára jù, òun ni kò jẹ́ kí n rójú yí ara padà, ìrora ọgbẹ́ fúnra ẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀. Bó ṣe di pé wọ́n yọ ọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í na apá lára ògiri bí wọ́n ṣe kọ́ mi, díẹ̀díẹ̀, mi ò gbé garawa, mi ò wa mọ́tò títí tí mo fi lè fa bẹ́líìtì láìṣẹ́jú. Nítorí pé mo ti sọ fún wọn ṣáájú pé ara mi ń wú, wọ́n fún mi ní pílásítà sílíkónì tí mò ń lẹ̀ mọ́ ojú àpá lẹ́yìn tó jinná, ibì kan sì fẹ́ máa wú, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì, ó ti ń lọ sílẹ̀. Èsì láàbù dé, kò sí jẹjẹrẹ nínú awọ àpá yẹn. Ọyàn ọ̀tún mi ṣì ń lọ ya àwòrán lọ́dọọdún. Mo sì ti padà síbi iṣẹ́, ọyàn àtọwọ́dá ni mò ń wọ̀ lọ, tí mo bá délé mo máa ń bọ́ ọ sílẹ̀, mo sì ti ń fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn.